Omi Orí Yìnyín

Òjò ọ̀sán kan ní oṣù kẹfà ọdún 1992 ló lé Oyèníran wọ gbọ̀ngàn tí Motọ́lání ti ń ṣàlàyé nípa yìnyín. Kì í ṣe pé ó wá gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Fọ́tò ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ yà láti inú ọkọ̀ òfuurufú ló gbé wá fún ẹ̀ka Jọ́gíráfì ní yunifásítì náà, ó sì fẹ́ dúró kí òjò dá. Ó jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn, ó gbé àpò fọ́tò náà lé itan kí omi má baà kàn án.

Olùkọ́ kékeré ni Motọ́lání nígbà náà, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Sùúrùlérè. Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ máa ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín: yìnyín tó máa ń bo òkun ní ìpẹ̀kun àríwá ayé ló ń kọ́ nípa rẹ̀, kò sì fojú rí i rí. Àwọn tí wọ́n jọ kàwé ní òkè òkun ló ń fi téèpù kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí i, inú téèpù náà sì ni ohun tí sátẹ́láìtì rí wà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ló kan ará Èkó nínú ọ̀rọ̀ yìnyín, èsì rẹ̀ kì í yí padà.

"Yìnyín yẹn ló ń dá oòrùn padà sí òkè. Bí ó bá dín kù, òkun á gbóná sí i. Bí òkun bá sì gbóná, òjò wa níhìn-ín lè má rọ̀ bí ó ti ń rọ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kò kàn wá, ṣebí etí omi lẹ ń gbé."

Lọ́jọ́ náà, ó ṣàlàyé pé sátẹ́láìtì kò nílò ìmọ́lẹ̀ kó tó ríran. Ohun gbogbo láyé ló ń tú ìgbì kan jáde lára, èyí tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ti yìnyín yàtọ̀ sí ti omi, òkùnkùn tàbí kùrukùru kò sì lè dí i lọ́nà. Nígbà tó ní kí àwọn tó ní ìbéèrè sọ̀rọ̀, ọwọ́ kan ṣoṣo ló nà sókè, láti ẹ̀yìn.

"Ẹ jọ̀wọ́ mà," ni Oyèníran wí, "ohun tó wà lókè réré tó bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe ń mọ̀ pé òun kò ṣìnà?"

"Ó máa ń ṣìnà," Motọ́lání dá a lóhùn. "Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ojú yìnyín a máa yọ́, omi a sì dúró lórí rẹ̀ bí adágún kéékèèké. Sátẹ́láìtì a rí omi, a sì ròyìn pé òkun gbalasa ni. Bẹ́ẹ̀, yìnyín ṣì wà lábẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rán ọkọ̀ òfuurufú tẹ̀lé e, kó fò nílẹ̀ nílẹ̀, kó tún un wò."

"Bí ọkọ̀ òfuurufú náà bá wá ṣìnà ńkọ́?"

"A jẹ́ pé kí ènìyàn sọ̀kalẹ̀, kó fẹsẹ̀ tẹ yìnyín náà, kó gbẹ́ ihò sí i, kó wọn bó ṣe nípọn tó."

"Ẹsẹ̀ ta ni, mà?"

Ẹ̀rín sọ nínú gbọ̀ngàn. "Kì í ṣe tèmi," ni Motọ́lání wí. "Èmi àti òtútù kì í ṣọ̀rẹ́."

Òjò dá, àwọn ènìyàn túká, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dúró de òjò kò lọ. Ó wá sí iwájú, ó sọ orúkọ rẹ̀, ó sì ní òun ni òun máa ń dojú kámẹ́rà kọlẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfuurufú.

"Ẹ kì í bẹ̀rù?"

"Mò ń bẹ̀rù dáadáa. Ẹ̀rù náà ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi."

Ọ̀rọ̀ yìí wu Motọ́lání. Ọkùnrin tó jẹ́wọ́ ẹ̀rù rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó mọ̀.

Iṣẹ́ ló kọ́kọ́ so wọ́n pọ̀. Nígbà tí àwọn fọ́tò tí ọkọ̀ òfuurufú yà lórí yìnyín dé láti òkè òkun, Motọ́lání kó wọn lọ sí ọ́fíìsì Oyèníran ní Sábó. Ọkùnrin náà mọ bí a ṣe ń to fọ́tò méjì sábẹ́ dígí kan tí ó fi jẹ́ pé ohun tó pẹlẹbẹ á dìde níwájú ẹni bí ẹni pé kí a fọwọ́ kàn án. Wọ́n á fi àwòrán sátẹ́láìtì sí ọ̀tún, wọ́n á fi fọ́tò sí òsì, wọ́n á máa ya omi orí yìnyín sọ́tọ̀ kúrò lára omi òkun. Omi orí yìnyín a máa tàn fẹ́ẹ́rẹ́. Omi òkun dúdú bí èédú.

"Ìyá Yìnyín," ni Oyèníran máa ń pè é níwájú àwọn ènìyàn. Bí ó bá ku àwọn méjèèjì, á ní, "Àyànfẹ́ mi, wo ibí yìí."

Motọ́lání nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò fi í pamọ́ fún ara rẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń yẹ gbogbo nǹkan wò, ó sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Nígbà tí ọdún fẹ́ parí, wọ́n jókòó síwájú ọ́fíìsì náà, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísun. Oyèníran nu ẹnu rẹ̀.

"Tọ́lání, mo fẹ́ kí àwọn ara ilé mi wá kí àwọn ara ilé rẹ."

"Kí wọ́n wá ṣe kí ni?"

"Wọ́n rí òdòdó kan lágbàlá yín."

"Gbágùúdá ni Màmá gbìn sí àgbàlá wa o. Kí wọ́n má wá ṣìnà."

"Tọ́lání!"

"Mo gbọ́, ìfẹ́ mi. Kí wọ́n máa bọ̀."

Bàbá Motọ́lání, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ní Ìdó, fẹ́ràn ọmọkùnrin náà nítorí pé kì í fi ọ̀rọ̀ gígùn dá ẹnikẹ́ni dúró. Ṣùgbọ́n fífẹ́ràn ènìyàn kò ní kí a má béèrè ilé rẹ̀. Nínú ẹbí náà, Àǹtí Rosaline, àbúrò bàbá rẹ̀, ni ìwádìí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bí ó ti máa ń ṣe é. Á múra bí ẹni tó ń wá yàrá tí yóò háyà, á jókòó ti àwọn aládùúgbò, á máa béèrè gbogbo ènìyàn àfi ẹni tó bá tirẹ̀ wá, títí wọ́n á fi dárúkọ onítọ̀hún fúnra wọn. Kò tíì sí ẹni tó já irọ́ rẹ̀ rí.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, ó wọlé sí Sùúrùlérè, kò dúró gba omi.

"Ọmọ yìí, jókòó. Ọkùnrin yẹn ti gbéyàwó."

Màmá pariwo. Bàbá na ọwọ́, ó pa rédíò.

"Àrínọlá lorúkọ obìnrin náà," Àǹtí Rosaline ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ilé ẹbí wọn ní Pápá Àjàó ló ń gbé. Ọmọ méjì wà nílẹ̀. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo bi wọ́n ládùúgbò, ẹnu wọn kò yà: ìyàwó Oyèníran ni. Ọjọọjọ́ Àìkú ló máa ń lọ síbẹ̀. Òun ló ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ yìí fẹ́ sọ ọmọ wa di ìyàwó kejì láìwí fún ẹnì kankan!"

"Àǹtí, ṣé ẹ rí obìnrin náà?"

"Kí ni kí n fi rírí rẹ̀ ṣe? Ṣé èmi ló fẹ́ ni?"

Motọ́lání kò sunkún. Ó sọ fún ọlọ́dẹ ẹ̀ka wọn pé bí Oyèníran bá dé, kó ní òun kò sí. Ó padà sí ìdí tábìlì rẹ̀. Àwòrán òkun kan náà ló wà níwájú rẹ̀, èyí tí sátẹ́láìtì rí àti èyí tí ọkọ̀ òfuurufú yà ní oṣù keje kan náà. Sátẹ́láìtì sọ ìdajì òkun náà di omi lásán, fọ́tò sì fi yìnyín hàn jákèjádò. Ó kọ ojú ewé púpọ̀ nípa àṣìṣe yìí, ó kọ ọ́ dáradára. Kò sì wá sí i lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ọ̀rọ̀ ara òun lòun ń kọ. Ènìyàn lè mọ òfin kan dé góńgó, kó má rántí pé ó kan òun.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Oyèníran jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀ka náà, ó kọ̀, kò dìde. Motọ́lání bá a níbẹ̀. Kò kí i.

"Ta ni Àrínọlá?"

Oyèníran wolẹ̀. "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọláṣẹ́gun."

"Èyí tó kú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó kú, àwọn àgbà ní kí n ṣú u lópó. Bí mo bá kọ̀, wọn á ní kò sí ọkọ rẹ̀ nílé mọ́, wọn á gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀, wọn á sì pín àwọn ọmọ káàkiri. Mo ní ó dáa. Ẹnu lásán ni mo fi gbà, Tọ́lání. N kò wọ yàrá rẹ̀ rí. Mo fi Ọlọ́run—"

"Má búra. Ìbúra kì í ṣe ẹ̀rí."

"Gbà mí gbọ́ nígbà náà."

"Ta ni kí n gbà gbọ́? Àǹtí mi tó sọ̀rọ̀ tí kò mọ̀, àbí ìwọ tó mọ̀ tí o kò sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀rù bà mí pé wàá lọ."

"Ṣé o rí i báyìí pé mi ò lọ?"

Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ fún un kò fi òun náà lọ́rùn sílẹ̀. Ìròyìn méjì ló wà níwájú rẹ̀ tí kò bára mu, kò sì tíì sí ẹni tó fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Láti Sábó sí Pápá Àjàó, ó jìnnà mélòó?

"Ta ló gbọ́ irú rẹ̀ rí?" ni Màmá wí nígbà tó gbọ́ ohun tó fẹ́ ṣe. "Ìyàwó kì í ṣe ìwádìí ara rẹ̀! Kí lo fẹ́ sọ níbẹ̀?"

"Orúkọ mi, Màmá."

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ló lọ. Ilé alájà kan ni, láàárín àwọn tó ń jó irin àti àwọn tó ń kan àga. Obìnrin kan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń rán yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé. Ọjọ́ orí rẹ̀ kéré sí èyí tí Motọ́lání rò.

"Ẹ káàsán mà. Motọ́lání lorúkọ mi."

Obìnrin náà kò gbé ojú kúrò lára abẹ́rẹ́. "Mo mọ̀. Oyèníran ti sọ ọ̀rọ̀ yín fún mi. Ẹnì kan tó jọ ọ́ wá wá yàrá ládùúgbò yìí lóṣù tó kọjá. Ó béèrè ọ̀rọ̀ gbogbo ilé. Kò béèrè iye tí yàrá jẹ́."

Ìtìjú mú Motọ́lání. "Àbúrò bàbá mi ni. Ẹ má bínú."

"N kò bínú. Aṣọ ẹ̀ rẹwà." Àrínọlá fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sí i. "Òótọ́ lọmọkùnrin yẹn sọ fún ọ. Kò wọ yàrá mi rí. Ọmọlúàbí ni. Ṣé inú ẹ dùn?"

"Ó yẹ kó dùn."

"Jókòó nígbà náà, n kò tíì sọ tán." Ó já òwú. "Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, ìyàwó Oyèníran ni mo jẹ́ lójú títì, n kò jẹ́ ìyàwó ẹnikẹ́ni nínú ilé. Àkàngbé, kápẹ́ńtà tó wà lọ́hùn-ún yẹn, fẹ́ mi. Tọkàntọkàn ló fẹ́ mi. Ó lọ bá Bàbá Dàda, olórí ẹbí wa. Bàbá ní, 'Ìyàwó ọmọ wa lo gbójú gbóyà wá ń fẹ́?' Díẹ̀ ló kù kí wọ́n lù ú. Bí mo bá sì dìde lọ fúnra mi, wọn á ní mo kọ ilé, wọn á gba àwọn ọmọ. Ẹni tó lè tú mi sílẹ̀ kò mọ̀ pé mo wà nínú ìdè. Ó rò pé oore lòun ń ṣe mí."

"Ẹ kò sọ fún un?"

"Tó bá ti san owó iléèwé, tí mo dúpẹ́ tán, ṣé ẹnu tí mo fi dúpẹ́ náà ni kí n fi sọ ọ́?"

Àwọn ajórin ń lù lọ lẹ́yìn ilé. Motọ́lání ti gbé ìbéèrè kan wá sí Pápá Àjàó: ṣé ọkùnrin yìí purọ́? Ó ti gba èsì rẹ̀, rárá ni. Èsì náà kò sì tó nǹkan kan. Ìbéèrè tó yẹ kó gbé wá ni èyí tí kò sí ẹni tó bi obìnrin náà rí, Àǹtí Rosaline kò bi í, Oyèníran kò bi í, òun fúnra rẹ̀ kò bá bi í bí kò bá jẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó.

Ní ọjọ́ Ajé, ó lọ bá Oyèníran ní Sábó.

"Ìwádìí Àǹtí Rosaline kò tọ̀nà," ni ó wí.

Oyèníran mí kanlẹ̀. "Mo dúpẹ́, olólùfẹ́ mi."

"Ọ̀rọ̀ tìrẹ náà kò pé." Ó sì sọ ti Àkàngbé fún un.

Ojú Oyèníran yí. "Kò sọ fún mi! Ọjọọjọ́ Àìkú ni mò ń débẹ̀, Tọ́lání, kò sọ ọ́ rí!"

"O kò bi í."

"Bí mo bá tú u sílẹ̀, Bàbá Dàda á lé e síta lọ́jọ́ kejì. Kí ni kí n ṣe?"

"N kò mọ̀. Ilé yín ni, ẹ̀yin lẹ mọ bó ṣe ń ṣí. Èmi náà ṣẹ̀ ọ́. Mo gba ìròyìn gbọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì láì dìde lọ wò ó, mo tọrọ àforíjì fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò ní wọ ilé ọkọ tí obìnrin mìíràn wà nínú ìdè rẹ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, mi ò sì ní wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni méjèèjì."

Oṣù kan kọjá. Motọ́lání kò ránṣẹ́ sí i. Ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó ń to àwòrán rẹ̀. Ibi tó máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí ní Sábó ń wù ú, ó sì mọ̀ pé ó ń wu òun. Nígbà tó yá, Oyèníran wá sí Sùúrùlérè lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo ilé, ó sì sọ̀rọ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀.

Ó ní òun ti tú Àrínọlá sílẹ̀ níwájú gbogbo ẹbí. Bàbá Dàda bi í bóyá ó fẹ́ sọ òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nù ni. Ó ní rárá. Yàrá méjì tó jẹ́ ìpín òun nínú ilé bàbá wọn, ó fi jìn àwọn ọmọ Ọláṣẹ́gun, níwájú ẹlẹ́rìí, kí ìyá wọn máa bá wọn gbé níbẹ̀ kí ó sì tọ́ wọn dàgbà, ẹnikẹ́ni tí ó bá wù ú kó fẹ́.

"Kí wá ni Bàbá Dàda wí?" ni bàbá Motọ́lání béèrè.

"Wọ́n ní ẹni tí kò ní yàrá nínú ilé kì í ṣe ọmọ ilé. Wọ́n ní kò sí obìnrin ilé náà kan tí yóò jáde wá pàdé ìyàwó mi."

"Ẹ gbọ́ bí!" Àǹtí Rosaline pàtẹ́wọ́. "Ilé ta ni a ó wá mú ọmọ lọ? Ta ni yóò bu omi sí i lẹ́sẹ̀? Ṣé bí ẹni tó wá háyà yàrá ni yóò ṣe wọlé?"

Motọ́lání kò lè ṣe é kó má rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ̀yin náà mà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

"Ẹ dákẹ́ ná," ni Bàbá wí. "Ẹ ní ó fi nǹkan pamọ́ fún wa. Òótọ́ ni. Ẹ ní kò nílé mọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n títún tàkọ́kọ́ ṣe ló bí èkejì. Ẹ kò lè fi méjèèjì mú un. Ọmọkùnrin, dìde nílẹ̀."

Wọ́n gbé ìyàwó lẹ́yìn Àjíǹde ọdún 1993. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ará Sùúrùlérè sin Motọ́lání lọ sí Sábó, sí yàrá àti pálọ̀ tí Oyèníran háyà lókè ilé kan. Nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni gbogbo wọn dúró sí. Ó yẹ kí àwọn ìyàwó ilé ọkọ ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú igbá omi. Kò sí ẹnì kan láti Pápá Àjàó. Oyèníran dúró lókè, kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ sí.

"Ẹ gbé omi wá fún mi," ni Àǹtí Rosaline wí. "Èmi á ṣe é."

"Ará ilé ìyàwó kì í wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó wọlé ọkọ," Màmá dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ sì fẹ́ dà bí ẹkún. "Kí ni yóò túmọ̀ sí?"

Motọ́lání gbé ìbòjú kúrò lójú. Ó ti fẹ́ sọ pé òun á gun àtẹ̀gùn náà bẹ́ẹ̀, pé ẹsẹ̀ gbígbẹ náà ń wọlé, nígbà tí àwọn tó wà lẹ́yìn ń yà sọ́tùn-ún sósì. Obìnrin kan ń bọ̀ láàárín wọn. Àǹkárá tó ti pẹ́ ló wọ̀, ó gbé igbá tí a fi àwo bò dání, ó sì ń rọra rìn kí omi má baà dànù.

Àǹtí Rosaline dá a mọ̀. Ó yíjú sí ibòmíràn.

"Ta lẹ jẹ́ sí ọkọ ìyàwó?" ni ẹnìkan béèrè láàárín èrò.

"Èmi ni ìyálé," ni Àrínọlá wí. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fẹ́ mi. Kí ẹnikẹ́ni tó wọ ilé wọn, mo ti wọ̀ ọ́. Ta ló tún kù tí omi yìí tọ́ sí?"

Ó kúnlẹ̀ níwájú àtẹ̀gùn, ó ṣí igbá, ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún ìyàwó, ó sì da omi sí i lẹ́ẹ̀mejì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún.

"Ìyálé mi," ni Motọ́lání wí, "ẹ ṣé o."

"Má tíì dúpẹ́," ni Àrínọlá wí. "Ẹsẹ̀ kejì dà?"